Ojú-Ìwé Ọgọ́sàn-án Péré

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù karùn-ún 1986. Bantè

Wọ́n gba ìwé Ève.

Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n wò ó bóyá ara máa tù mí. Mo ti kọ ọ́. Ara ò tù mí.

Ó wá láti Savalou lẹ́yìn ìsìn, lórí alùpùpù, tòun ti aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn, eruku pupa ti gba gbogbo etí aṣọ náà. Kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé ní Kútọnù ti fèsì: wọ́n máa tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde, yóò sì ti délẹ̀ kí Savalou tó jẹ iṣu tuntun ní oṣù kẹjọ. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ń rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí èmi àti ẹ̀ ti wà ní ilé ìwé àwọn Sístà. Ọwọ́-lẹ́nu. Orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn nígbà tí kò bá sí níbẹ̀. Mo dì mọ́ ọn. Mo ní inú mi dùn. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Ọjọ́ kan náà la fi ìwé wa ránṣẹ́, nínú oṣù kìíní, nínú àpò kan náà, lọ́wọ́ awakọ̀ kan náà. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ fa àpò ya. Ojú-ìwé 540, iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ. Ìyá-Ńlá ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Tirẹ̀, 92. Ó kọ ọ́ láàárín òjò kan sí ẹ̀ẹ̀rùn kan, ní ilé ìgbẹ̀bí tó ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tó bá ń dúró de aláboyún tó ń rọbí. Mo ń pe ìyẹn ní Pẹ́lẹ́bẹ́.

Ó bi mí bóyá wọ́n ti fèsì tèmi. Mo ní rárá, ìwé ńlá máa ń gba àkókò kí wọ́n tó kà á tán.

Lazare, ọkọ mi, ń bi mí ohun tí mò ń kọ. Mo ní iṣẹ́ kíláàsì ti ọ̀la ni. Ọmọ Mahi ni, Faransé tí a fi kọ ìwé wa méjèèjì ló ń kà, kò lè ka Yorùbá. Màmá mi tó ṣòwò ní Ṣakí ló kọ́ mi. Ohun tí mi ò lè sọ ní Faransé fún ẹnikẹ́ni, ibí ni mò ń kó o sí.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù karùn-ún

Mo kọ ojú-ìwé mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí ilé ìwé tú. Mo mọ̀ pé Ìyá-Ńlá ti wà ní Kútọnù. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo kàn ń fi kún un ni. Sẹ̀sílíà, agbẹ̀bí burúkú inú ìtàn náà, yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo ọjà. Eyín iwájú méjì dànù. Mo sùn dáadáa.

Ẹtì, 9 oṣù karùn-ún

Èsì tèmi dé. Lazare ló mú un bọ̀ láti bìrò ìjọba, níbi tó ti ń lu òǹtẹ̀ sórí ìwé àwọn èèyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Wọn ò kọ̀ ọ́. Wọn ò gbà á. Ọ̀gá ibẹ̀, Félicien kan, ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ìtàn náà ní ẹ̀mí nínú, àmọ́ ó gùn ju ohun tí àwọn lè dáwọ́ lé fún òǹkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Bébà ti wọ́n. Ìwé tó bá nípọn, owó rẹ̀ á ga, ẹni tó ń ra ìwé kì í sì í fi owó ńlá dán orúkọ àjèjì wò. Tó bá jẹ́ olókìkí ló kọ 540, àwọn á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rà á. Èmi, kí n mú 180 wá. Kí n fi àlàfo sáàárín ìlà dáadáa. Kí ó dé ọwọ́ àwọn kí oṣù keje tó parí.

Ìyẹn ni pé kí n dá Ìyá-Ńlá sí mẹ́ta, kí n da méjì nù.

Orúkọ Ève náà, ta ló mọ̀ ọ́n rí? Àwọn ọmọ tuntun tó ń gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, àwọn wọ̀nyẹn ò sì tíì lè kàwé.

Àìkú, 11 oṣù karùn-ún

Mo ka Ìyá-Ńlá láti àárọ̀, mò ń wá ibi tí mo lè gé. Kò sí.

Ó dáa, orí ìsìnkú gùn, mo gbà. 150 ni òun nìkan. Àmọ́ ṣé ẹ̀bi mi ni? Nígbà tí àdúgbò gbọ́ pé Màdáámù ilé ìwé ń kọ ìwé ńlá, Bàbá Boukari ló kọ́kọ́ wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tí wọ́n kó lọ sí ogun òyìnbó, tó bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí n jọ̀ọ́ fi í síbẹ̀. Mo fi í sí i. Ni Rafiatou, ará ẹ̀yìnkùlé wa, bá gbọ́. Ó mú ìtàn màmá tirẹ̀ tó ti kú wá. Lẹ́yìn náà ilé kejì, ilé kẹta. Ní Bantè níbí, o ò lè dìde ní ìpàdé kí o kí ìdílé kan kí o fo ìkejì. Tí o bá ti pe òkú ilé kan, o ti wọ gbèsè gbogbo ilé nìyẹn; ilé tí o bá fò á dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀, á sì máa lọ. Nítorí náà, níbi ìsìnkú inú ìwé mi, mo pè wọ́n tán pátápátá. Àwọn ará Kútọnù ò mọ irú ìyẹn.

Lazare wá sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní: «Mado, kì í ṣe gígé. Fífún ni.» Ó ní ní bìrò àwọn, tí ìjọba bá ní ìròyìn ò gbọdọ̀ ju ojú-ìwé méjì lọ, àwọn á yọ àlàfo kúrò láàárín ìlà, àwọn á tẹ̀ ẹ́ dé etí bébà, iwájú àti ẹ̀yìn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó máa sọnù, iye bébà nìkan ló máa dín kù.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí tó báyìí gbẹ̀yìn.

Àìkú, 18 oṣù karùn-ún. Pẹ́ńtíkọ́sì

Lẹ́yìn Máàsì, mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka mi fi wú. Mọ́ṣíìnì ìtẹ̀wé bìrò wọn ni, Lazare gbé e wálé lábẹ́ aṣọ.

Àìkú, 1 oṣù kẹfà

Ó parí. 177. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó kúrò níbẹ̀, ojú-ìwé mẹ́ta sì ṣẹ́kù tí mi ò lò. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan dúdú mìnìjọ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Awakọ̀ gbé e lọ ní ọ̀sán yìí.

Mo kọjá níwájú ilé Rafiatou, mo kí i sókè. Màmá rẹ̀ ń lọ sí Kútọnù, kò kàn mọ̀ ni.

Ẹtì, 13 oṣù kẹfà

Ọ̀gá Félicien dá a padà. Ìlà mẹ́rin ló kọ. Ó ní òun kò ní owó awò ojú tuntun lọ́dún yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ ni àwọn ń kà ní ilé ìtẹ̀wé, kì í ṣe bébà: ohun tí mo fún pọ̀, bí wọ́n bá ti tò ó fún títẹ̀, á tún wú padà sí bó ṣe wà. Ó ní kí n gé e lóòótọ́, tàbí kí n wá ilé ìtẹ̀wé mìíràn.

Ojú tì mí débi pé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, mo ṣì jókòó sínú kíláàsì. Lazare kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó máa ń ṣiṣẹ́ ní bìrò àwọn.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹfà

Mo yọ àwọn òkú.

Gbogbo wọn. Mo dì wọ́n, mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kó tó di ọ̀sán, àdúgbò ti gbọ́. Lazare ni. Ẹnu ọkùnrin yẹn kò nílẹ̀kùn.

Rafiatou kọ́kọ́ dé. Kò kí mi bó ṣe yẹ. Ó ní ṣé òótọ́ ni pé mo yọ màmá òun. Mo ní Kútọnù ló ní kí n yọ wọ́n. Ó ní ṣé Kútọnù mọ màmá òun ni. Ó wá bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n Boukari ṣì wà níbẹ̀. Mo ní rárá, kò ṣẹ́ku ẹnì kan. Ìyẹn tù ú nínú díẹ̀.

Bàbá Boukari wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò gba omi. Ó sọ ọ́ ní Ìṣà, èdè Bantè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́: «Mo ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ó wà nínú ìwé.» Nígbà tó ń lọ, Lazare ló kí, kò kí mi.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo ka ohun tó kù. Pẹ̀lú àwọn tí mo ti ń fi kún un láti oṣù tó kọjá, ó lé ní 400. Ó ṣì ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fẹ́ lọ.

Àìkú, 29 oṣù kẹfà. Savalou

Ève ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Mo wọ tasí lọ. Kò yẹ kí n lọ.

Inú yàrá rẹ̀ ni, lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn ojú-ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ kó lè yẹ̀ wọ́n wò ló tò sórí bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ rẹ̀ wà lókè. Mo fọwọ́ kàn án. Ó jin sínú bébà, èèyàn lè fi ìka kà á.

Ó ní ìṣòro wà. Mo tẹ́tí, inú mi ń yọ̀ díẹ̀. Ó ní wọ́n ní ìwé òun ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Tí ìwé ò bá ní ẹ̀yìn tí wọ́n lè kọ orúkọ sí, kò lè dá dúró lórí pẹpẹ, àwọn èèyàn á rò pé ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ogún ojú-ìwé kún un.

Wọ́n ní kí ó FI KÚN UN.

Ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa fi kún un, òun ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú òun tán. Ó wá bi mí bóyá èmi ní ohun tó ṣẹ́kù tí mo lè fún òun. Àwàdà ló ń ṣe, ó fọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí.

Nínú tasí tí mo wọ̀ bọ̀, obìnrin kan gbé adìẹ lé mi lẹ́sẹ̀, mi ò tiẹ̀ bá a jà. Mò ń ronú lórí ogún ojú-ìwé yẹn.

Ajé, 30 oṣù kẹfà

Sẹ̀sílíà wẹ̀wọ̀n. Ojú-ìwé mọ́kànlá. Èmi tí wọ́n ní kí n gé.

Àìkú, 6 oṣù keje

Ève ti kọ ogún ojú-ìwé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ ọ́. Ó fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ sí Lazare kó bá a wo àṣìṣe inú rẹ̀, nítorí ó ní ojú akọ̀wé ìjọba mú. Lánàá, Lazare jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kò dìde títí ó fi kà á tán. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n bí ọmọ sínú àká iṣu, ó nu ojú.

Okùn tí òun kan náà fi sí ojú-ìwé 60 nínú Ìyá-Ńlá láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, kò sún síwájú.

Lọ́jọ́ Ẹtì ní ilé ìwé, mo sọ fún àwọn olùkọ́ pé ìwé Ève ò nípọn tó Katikísímù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní òun máa rà á, nítorí òun máa lè kà á tán.

Nígbà tí Lazare lọ wẹ̀, mo kà á. Mo dúró lórí ìdúró, mo kà á ní kọ̀rọ̀ bí olè. Ó dára. Ó dára gan-an, kò sí gbólóhùn kan tí mo lè yọ níbẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí torí kò sẹ́ni tó máa rí i. Mò ń jowú. Mò ń jowú rẹ̀ débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù keje

Mo lọ bẹ Bàbá Boukari. Wọ́n ní ó ti lọ sóko. Nígbà tí mo padà délé, kò sí nǹkan kan lórí tábìlì mi.

Lazare ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti ràn mí lọ́wọ́. Ève ló yà kí wa. Agoua ló ti ń bọ̀, níbi tó ti lọ fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹrẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó béèrè mi. Lazare ní mi ò rí ibi tí mo lè gé nínú ìwé, mi ò sùn mọ́, mi ò jẹun mọ́. Ni àwọn méjèèjì bá kó Ìyá-Ńlá sínú páálí, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Lazare tiẹ̀ fa àwọn òkú jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó wọn kún un. Ó ní agbẹ̀bí mọ bí wọ́n ṣe ń gé nǹkan tí kò fi ní dun ẹnikẹ́ni.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Sẹ̀sílíà wà nínú rẹ̀. Sẹ̀sílíà agbẹ̀bí. Sẹ̀sílíà tó máa ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín.

Ìtàn lásán ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àìkú, 13 oṣù keje

Òjò. Ève ti máa dé orí kẹta báyìí, ibi tí Sẹ̀sílíà ti fi irọ́ gba kálámù ẹ̀bùn tó yẹ kí àwọn Sístà fún Mínà. Mínà ni olùkọ́ inú ìtàn náà, ẹni rere, tí wọ́n ń fìyà jẹ.

Kálámù yẹn wà lóòótọ́. Aláwọ̀ ewé ni. Èmi ló yẹ kí wọ́n fún.

Ọjọ́rú, 16 oṣù keje

Kò sí ìròyìn láti Savalou. Ó ti máa dé ibi tí eyín ti dànù báyìí.

Àìkú, 20 oṣù keje

Ó dé.

Ó wọ aṣọ funfun, ìsìn ló ti ń bọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Lazare ní òun ń lọ pọn omi wá fún un, ó sì pẹ́ gan-an kó tó padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, nǹkan yé e láìjẹ́ pé wọ́n ṣàlàyé.

Ève gbé ìdì méjì sórí tábìlì. Báńdéèjì ilé ìgbẹ̀bí ló fi dì wọ́n. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan gàǹgà. Ó gbé ọwọ́ lé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní: «Ìwé ẹ nìyí.» Ó gbé ọwọ́ lé èkejì: «Èmi nìyí.»



Ó ní èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ 178. Ó ní òun dá ọlọ́wọ́-kan Boukari padà sínú rẹ̀, àti màmá Rafiatou, torí àyè wà fún wọn tí òun bá ti kúrò níbẹ̀. Ohùn kan náà tó fi ń sọ fún aláboyún pé kó mí sókè ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun kà á dé òpin, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé kálámù yẹn dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ sómi lọ́wọ́ òun ní ọdún yẹn gan-an, ẹ̀rù ba òun láti sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní ìtàn lásán ni. Ó ní: «Mado. Èmi àti ìwọ nìyí.»

Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró. Ó ní níbi tí Sẹ̀sílíà ti ń gbẹ̀bí nínú òjò, tó ń bú ọkọ aláboyún bí ó ṣe ń gba ọmọ, òun rẹ́rìn-ín níbẹ̀, inú sì bí òun pé òun rẹ́rìn-ín. Kò mu omi. Lazare gbé e dé lẹ́yìn tó ti lọ tán.

Ajé, 21 oṣù keje

Kì í ṣe òun. Sẹ̀sílíà ga jù ú lọ.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù keje

Òun ni. Láti ojú-ìwé kìíní. Gbogbo ìgbà tí nǹkan rere bá ṣẹlẹ̀ sí i ní Savalou, mo máa ń jókòó ní Bantè kí n fi ìyà kan jẹ ẹ́. Ọdún mẹ́jọ. Ohun tó sọ ìwé náà di Ìyá-Ńlá nìyẹn, kì í ṣe àwọn òkú aláìṣẹ̀ tí mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo fi 178 ránṣẹ́ sí Kútọnù bó ṣe dì í. Mo ti èkejì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo lọ sọ fún Bàbá Boukari pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti padà. Ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún mi.

Ẹtì, 15 oṣù kẹjọ. Savalou

Àjọ̀dún iṣu tuntun. Gbogbo ọmọ Savalou ti wálé, láti Kútọnù, láti Abijan. Ọkọ̀ kún títí dé ọ̀nà Tchetti. Lẹ́yìn Máàsì Màríà, wọ́n fi ìwé Ève han àwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn, lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Ó ní ẹ̀yìn. Orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀yìn náà. Wọ́n rà á tán kí iṣu tó jinná.

Èmi náà rà á. Èmi àti Ève kí ara wa bí ẹni tó ń kí àna.

Ọ̀gá Félicien wá fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú, tó ń fi ọwọ́ jẹ iṣu, epo dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fi mí hàn án. Ó ní àá, òun ti ka ìwé mi. Ó ní bó ṣe gùn sí ti dára gan-an, 178, àwọn lè gbé e sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la.

Ó wá ní: «Agbẹ̀bí yẹn ńkọ́?»

Mo ní agbẹ̀bí wo. Ó ní Sẹ̀sílíà. Ó ní torí rẹ̀ ni àwọn ò ṣe dá ìwé náà padà nígbà àkọ́kọ́ láìkà á tán. Àwọn obìnrin tó ń tẹ̀wé ní bìrò ń jà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ní ọlọ́ṣà ni, ọ̀kan ní kò sí irú rẹ̀. Òun ni wọ́n ń wá nínú èyí tuntun láti ojú-ìwé dé ojú-ìwé. Ó ní ìwé náà ti mọ́ tónítóní báyìí, ó sì ń sùn. Kí n jọ̀ọ́ dá a padà.

Mo ní ṣé mo lè kọjá 180 nígbà náà. Ó ní rárá o, orúkọ mi ò tíì dé ibẹ̀. Kí n yọ nǹkan mìíràn. Mo ní ṣé àwọn òkú. Ó ní rárá, ọlọ́wọ́-kan yẹn gbọ́dọ̀ wà. Ó ronú, ó lá ìka. Ó ní: «Mínà. Ó ń gbàdúrà, ó ń dárí ji èèyàn, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí. Ẹ jẹ́ kó kí wa lẹ́nu ọ̀nà kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó máa wá a.»



Àbámẹ́ta, 16 oṣù kẹjọ. Savalou

Mo sùn sílé ìyá Lazare. Ní òwúrọ̀ mo lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Ève ń sá aṣọ ọmọ sórí okùn. Mo bá a sá díẹ̀. Mo sọ ohun tí Ọ̀gá Félicien wí fún un, gbogbo rẹ̀, mi ò fo ti Mínà. Mo ní tí kò bá fẹ́, màá fi 178 sílẹ̀ bó ṣe wà, kó máa sùn lọ. Mo ní kó dárí jì mí. Ó nira fún mi láti sọ ọ́, ó jáde lẹ́nu mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ó sá aṣọ títí ó fi tán nínú abọ́. Ó wá ní òun gbà, àmọ́ kí n dá eyín òun padà. Mo ní màá dá a padà. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n lè dúró, ó dùn.

Mo rò pé ó ti parí. Ó ká okùn aṣọ mọ́wọ́, ó ní: «Nígbà náà, ọdún kan náà, ìwé méjì, èmi ni wọ́n ń tẹ̀ nínú méjèèjì.» Ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Mo jowú rẹ̀ níbẹ̀ níwájú okùn aṣọ, bí mo ṣe jowú rẹ̀ nígbà kálámù. Ó rí i. Ó gbá mi léjìká.

Àìkú, 17 oṣù kẹjọ. Bantè

Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ìparí Máàsì. Sẹ̀sílíà wọlé ní ojú-ìwé kìíní, ní ìlà kìíní, eyín rẹ̀ pé. Ó yára, mi ò tiẹ̀ ní láti ronú.

Mo yọ Mínà bí mo ṣe ń lọ. Àdúrà rẹ̀, omijé rẹ̀, kálámù rẹ̀. Ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fi báńdéèjì Ève dì í.

Lazare wọlé, ó rí ìdì náà lórí tábìlì, ó ní èwo tún nìyí. Mo ní: «Èmi nìyẹn.»

Ó gbé e, ó wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́, ó sì bá mi tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.